Àléébù Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Ọdún Mọ́kànlá

Ìlà kóòdù díẹ̀ báyìí nínú Linux, kernel tó wà lábẹ́ Android àti ọ̀pọ̀ sẹ́fà, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2016, Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991 nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, kọ àtúnṣe kan fún kóòdù náà. Àtúnṣe ọ̀hún kò gùn. Àlàyé tó kọ tì í ló yẹ kí a fara balẹ̀ kà. Ó ní àléébù àtijọ́ ni, pé òun fúnra òun ti gbìyànjú láti tún un ṣe ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, pé àtúnṣe ìgbà náà kò dáa tó, àti pé wọ́n yọ ọ́ kúrò nítorí wàhálà tó dá sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ńlá IBM kan. Ó tún sọ pé ohun tí àwọn kà sí àròbá lásán nígbà yẹn ti wá di ohun tó rọrùn láti ṣe. Àléébù yìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Dirty COW. Nọ́ńbà tí wọ́n fi sàmì sí i ni CVE-2016-5195.

Ohun tí mo fẹ́ jà fún lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹni tó ń kọ kernel bá sọ pé àléébù kan wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò lè ṣẹlẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó wà lóde lọ́jọ́ náà ló ń ṣèdájọ́ lé lórí, kì í ṣe àléébù náà. Ẹ̀rọ ń yí padà lọ́dọọdún. Àwọn ìlà kóòdù tó yí àléébù ká náà ń yí padà. Àléébù ní tirẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí wọ́n yàn pé kó máa padà lọ wò ó bóyá ìdájọ́ àná ṣì dúró. Dirty COW ni ẹ̀rí mi àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ kí a tú u palẹ̀ dáadáa, nítorí pé inú bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ mi wà.

Kernel ni ètò tó wà lábẹ́ gbogbo ètò yòókù nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. WhatsApp, áàpù báńkì, ètò tí a fi ń kọ lẹ́tà, kò sí èyí tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan mẹ́mọ́rì tàbí díìsìkì nínú wọn. Kernel ni wọ́n ń tọrọ gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń pín mẹ́mọ́rì fún wọn, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan yọjú wo inú ti èkejì. Ó ń gé mẹ́mọ́rì sí ojú-ìwé kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ báìtì 4,096, ó sì ní àkọsílẹ̀ fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan: ta ló ń lò ó, ṣé kíkà nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda, àbí wọ́n lè kọ nǹkan sí i, ṣé wọ́n sì ti kọ nǹkan sí i láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá láti orí díìsìkì. Mẹ́mọ́rì kì í tó, nítorí náà bí ètò mẹ́wàá bá fẹ́ ka fáìlì kan náà, ojú-ìwé kan ṣoṣo ni kernel máa jẹ́ kí gbogbo wọn jọ máa wò. Ẹ fojú inú wo ìwé ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹbí. Gbogbo ọmọ ẹbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ fi bírò kọ nǹkan sí i, akọ̀wé á ṣe fọ́tòkọ́pì fún un, orí fọ́tòkọ́pì ni yóò kọ tirẹ̀ sí, ojúlówó kò sì ní gbọgbẹ́. Copy-on-write ni àwọn onímọ̀ ń pe ọgbọ́n yìí, inú lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni wọ́n sì ti fa orúkọ àléébù wa yọ. (Wọ́n tiẹ̀ ya màlúù kan fún un gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀. Ayé ti dayé kí àléébù máa ní àmì bíi ilé-iṣẹ́.)

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ rèé. Ètò kan tí kò ní àṣẹ kankan sọ fún kernel pé kó gbé fáìlì kan wá sínú mẹ́mọ́rì fún òun, fáìlì tó lè kà ṣùgbọ́n tí kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà kan tí ń jẹ́ /proc/self/mem láti kọ nǹkan sórí ojú-ìwé náà. Kernel kò kọ̀ fún un, torí pé àwọn tó ń wá àṣìṣe inú ètò nílò irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àti pé orí ẹ̀dà ló yẹ kí ohun tó bá kọ bọ́ sí. Kernel wá ojú-ìwé náà lọ, ó rí i pé kíkà nìkan ni, ó ṣe ẹ̀dà. Ó ku kó padà lọ mú ẹ̀dà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà yìí pàápàá kò ní àṣẹ ìkọ̀wé lára, nítorí náà bí kernel bá tún béèrè bóyá òun lè kọ nǹkan síbẹ̀, rárá ni yóò tún gbọ́, á sì máa yí po lójú kan. Àwọn tó kọ kóòdù náà wá dá ọgbọ́n: ní kété tí ẹ̀dà bá ti wà nílẹ̀, kernel á yọ ọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ kọ kúrò nínú ìbéèrè rẹ̀, á kàn béèrè bí ẹni tó fẹ́ kà. Ewu wo ló wà níbẹ̀? Ẹ̀dà ṣáà ti wà.

Ewu wà níbẹ̀, nítorí pé àyè tóóró kan wà láàárín ìgbà tí kernel yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò àti ìgbà tó padà lọ mú ojú-ìwé. Apá kejì ètò kan náà ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lákòókò yẹn, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa fi ìpè kan tí ń jẹ́ madvise sọ fún kernel léraléra pé òun kò nílò ojú-ìwé náà mọ́, kó dà á nù. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìpè yìí bá bọ́ sínú àyè tóóró náà, ẹ̀dà ti lọ nìyẹn. Kernel á débẹ̀, kò ní bá nǹkan kan, á tún gbé ojú-ìwé náà wá. Ṣùgbọ́n kò rántí mọ́ pé ìkọ̀wé ni òun ń bá bọ̀. Ojúlówó ló máa gbé wá, bó ṣe ń gbé e fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kà, á sì kọ nǹkan sí i lórí. Akọ̀wé ti fi bírò sórí ìwé ilẹ̀ gan-an. Kernel á tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí ojú-ìwé náà pé ó ti yí padà, èyí tó túmọ̀ sí pé bó bá yá, ohun tí wọ́n kọ á dé orí díìsìkì pẹ̀lú.

Ẹ̀ẹ̀kan lè má bọ́ sí i, ẹgbẹ̀rún lè má bọ́ sí i. Kì í rẹ ètò, á máa gbìyànjú títí tí ọ̀kan yóò fi bọ́ sí i, ìyẹn kì í sì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìgbà mìíràn ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tó wá ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá lè ka fáìlì kan lè yí fáìlì náà padà. Lórí Linux, gbogbo ènìyàn ló lè ka /etc/passwd, níbi tí orúkọ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà àti ipò wọn wà. Gbogbo ènìyàn ló sì lè ka àwọn ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ ẹni tó ni gbogbo ẹ̀rọ pátápátá. Ẹni tó bá yí ọ̀kan nínú wọn padà ti di root. Kò fọ́ ìlẹ̀kùn, kò jí password ẹnikẹ́ni, ìwé tí ẹ̀rọ fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kò sì ní rí ohun àjèjì kan kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 2005, Torvalds rí i pé àyè tóóró yìí wà, ó sì dí i. Àtúnṣe rẹ̀ ń wo àkọsílẹ̀ ojú-ìwé bóyá àmì pé wọ́n ti kọ nǹkan sí i wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ IBM tí wọ́n ń pè ní s390, irú èyí tí àwọn báńkì ńláńlá fi ń ṣe ìṣirò wọn, àmì yẹn kò sí nínú àkọsílẹ̀ ojú-ìwé nígbà náà, ara mẹ́mọ́rì gan-an ló wà. Àtúnṣe ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi èyí tí kò dí àyè náà tán rọ́pò rẹ̀, ayé ń lọ. N kò dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn. Ewu tó dájú lórí ẹ̀rọ kan wà níwájú wọn, ewu àròbá lórí àwọn ẹ̀rọ yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yan èyí tó dájú láti yanjú. Ọdún 2005 yẹn kan náà ni Intel àti AMD ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíìpù tó ní core méjì, ìyẹn apá méjì tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé àwọn ènìyàn ní core kan ṣoṣo, ohun méjì kò sì lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gan-an. Ńṣe ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí madvise bọ́ sínú àyè tóóró yẹn ṣòro púpọ̀. Ìdájọ́ wọn bá ọdún 2005 mu.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lábẹ́ ìdájọ́ náà, díẹ̀díẹ̀. Láti Linux 2.6.22, tó jáde ní ọdún 2007, ni wọ́n ti ń ka àwọn kernel tí Dirty COW lè mú. Ní ọdún 2011, nínú 2.6.39, wọ́n tún ṣí /proc/self/mem sílẹ̀ fún ìkọ̀wé lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tó rọrùn jù láti débi àléébù náà sì ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Core ń pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di 2016, fóònù tí kò wọ́n rárá ti ní core mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti ọdún 2013. Nínú Linux 3.9, àwọn tó ń tọ́jú s390 yí bí wọ́n ṣe ń sàmì sí ojú-ìwé padà, àmì náà sì wá wà nínú àkọsílẹ̀ lórí s390 bó ṣe wà lórí àwọn ẹ̀rọ yòókù. Ìdí tí Torvalds sọ pé wọ́n fi yọ àtúnṣe ọdún 2005 kò sí mọ́. Kò sẹ́ni tó lọ dá àtúnṣe náà padà. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó padà síbẹ̀, olè ló sì fà wọ́n padà: Phil Oester, tó máa ń gba gbogbo ohun tó ń ti orí wẹ́ẹ̀bù wọ sẹ́fà rẹ̀ sílẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìkọlù, rí kóòdù tí ẹni tó kọlù ú gbé wọlé. Inú kóòdù olè yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé àléébù náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lò ó fún ìkà ti mọ̀ ọ́n ṣáájú àwọn tó yẹ kó dí i.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹjọ́ kan kò tó láti fi gbé irú ẹ̀sùn yìí kalẹ̀. Mo gbà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú òmíràn wá. Ní ọdún 2022, Max Kellermann, ẹlẹ́rọ ará Jámánì, gbé àléébù kan síta tí wọ́n sọ ní Dirty Pipe, CVE-2022-0847. Ohun tó kọ́kọ́ rí kò jọ ìkọlù rárá. Fáìlì àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń bàjẹ́, tí wọ́n kò ṣeé tú mọ́. Nígbà tó wò wọ́n dáadáa, báìtì mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn fáìlì ló máa ń bàjẹ́, ohun kan náà ló sì máa ń wà níbẹ̀: báìtì mẹ́jọ tó jẹ́ ti fáìlì ZIP, tí lẹ́tà P àti K ṣáájú wọn. Ètò mìíràn ló ń kọ ZIP, kò sì ní àṣẹ láti fọwọ́ kan fáìlì àkọsílẹ̀ yẹn. Kernel ló ń gbé e débẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n kọ apá kan nínú kernel ní ọdún 2016, wọ́n gbàgbé láti nu àyè kékeré kan nínú mẹ́mọ́rì kí wọ́n tó lò ó, tó fi jẹ́ pé ìyókù iṣẹ́ àná máa ń wà nínú rẹ̀. Lọ́dún náà, ìyẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, torí pé kò sí àmì kankan tó lè wà nínú àyè yẹn tó ní ìtumọ̀ tó lè ṣe ibi. Ní ọdún 2020, nínú Linux 5.8, ẹlòmíràn ṣe àtúntò kóòdù náà, ó sì fi àmì tuntun kan sáyè yẹn: àmì tó ń sọ fún kernel pé ó lè fi ọ̀rọ̀ tuntun kún ojú-ìwé tó wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyókù àná tí wọn kò nù lè di àṣẹ láti kọ nǹkan sórí fáìlì oní fáìlì. Àtúntò ọdún 2020 kò ní àṣìṣe nínú. Àṣìṣe ọdún 2016 kò ní ewu nínú. Ìgbà tí àwọn méjèèjì pàdé ni ewu bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró síbi ìpàdé náà.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni pé àriwo ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n á ní ẹni tó máa lo Dirty COW ní láti kọ́kọ́ wà nínú ẹ̀rọ ná, kò lè jókòó sí ìta kó fi í wọlé. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi fojú kéré irú àléébù yìí. Ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe ará inú mọ́ lónìí? Gbogbo áàpù tí a bá gbé sórí fóònù ti wà nínú ilé nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń yá àyè lórí sẹ́fà kan náà ti wà nínú ilé. Ààbò tí Android fi ń dáàbò bo ẹni tó ni fóònù kò dúró lórí pé àlejò kò wọlé, ó dúró lórí pé kernel á fi àlejò sí yàrá rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Trend Micro kéde áàpù burúkú kan tí wọ́n pè ní ZNIU, èyí tó ń lo Dirty COW láti di root lórí fóònù. Wọ́n rí i ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 40, fóònù tó lé ní 5,000 ni wọ́n sì mọ̀ pé ó ti mú, tí èyí tó pọ̀ jù wà ní Ṣáínà àti Íńdíà. Ní Ṣáínà, ó ń fi SMS sanwó fún ilé-iṣẹ́ àfọwọ́yí kan, yuan 20 lẹ́ẹ̀kan, á sì pa SMS náà rẹ́ kí ẹni tó ni fóònù má bàa rí i. Owó kékeré ni, kí ẹni tí wọ́n jà lólè má bàa fura. Oṣù mọ́kànlá ni ìyẹn lẹ́yìn àtúnṣe Torvalds.

Àwọn mìíràn ń sọ pé ohun tó fa gbogbo èyí ni pé kóòdù Linux ṣí sílẹ̀ fún tolórí tẹlẹ́mù, pé ká ní ó wà nípamọ́ ni, olè kì bá tí rí i kà. Ìdáhùn mi kò gùn. Kóòdù Windows wà nípamọ́, síbẹ̀ ní ọdún 2017 náà ni wọ́n gba inú àṣìṣe mẹ́mọ́rì nínú apá kan kernel rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ètò burúkú kan tí ń jẹ́ WannaCry, tó tàn dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, tó sì da iṣẹ́ rú ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ ní ọdún 2019 pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àléébù ààbò tí òun ń tún ṣe lọ́dọọdún ló jẹ mọ́ mẹ́mọ́rì. Àwọn tó ń yin kóòdù tó ṣí sílẹ̀ náà kò ní ohun tí wọ́n lè fi yangàn níbí ṣá. Wọ́n ti máa ń sọ tipẹ́ pé bí ojú bá pọ̀ tó lára kóòdù, kò sí àléébù tó lè fara pamọ́. Àléébù yìí kò fara pamọ́ rárá. Wọ́n rí i, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe, orúkọ ẹni tó gbìyànjú àti ọjọ́ tó gbìyànjú wà nínú ìwé tí gbogbo ayé lè kà. Ojú pọ̀. Iwájú ni gbogbo wọn ń wò, síbi kóòdù tuntun.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní èdè tí wọ́n fi kọ kernel ló yẹ kí a yí padà. Wọ́n ní C ló ń fa wàhálà, pé kí a máa lo Rust, èdè tí kì í jẹ́ kí ètò fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tirẹ̀. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn. Google sọ pé ní ọdún 2019, ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún àléébù ààbò Android ló jẹ́ ti mẹ́mọ́rì. Nígbà tó fi di 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fi èdè tó ní ààbò kọ kóòdù tuntun, ó ti wálẹ̀ sí ìdá 24. Linux náà ti gba Rust wọlé láti 6.1, ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Bí wọ́n bá kọ gbogbo kernel ní Rust, ó ṣeé ṣe kí Dirty Pipe má wáyé, torí Rust kì í gbà kí a lo àyè tí a kò kọ nǹkan sí. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo Dirty COW. Kernel kò fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí kò sí. Kò kọjá ààlà ojú-ìwé. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó gbé tọ́ lójú òfin èdè yòówù. Ohun tó ṣìnà ni èrò pé bí ẹ̀dà bá ti wà lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣì wà nígbà tí a bá padà dé. Kò sí èdè tó lè bá wa wo èrò tí a kò kọ sílẹ̀. Rust á dín iye àléébù kù, ó sì yẹ ká fọwọ́ sí i tìdùnnú-tìdùnnú. Àmọ́ kò ní padà lọ bi ọdún 2005 léèrè bóyá ìdí rẹ̀ ṣì wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àtúnṣe ọdún 2016 kò bọ́ lọ́wọ́ irú èrò yìí. Ọ̀nà tí wọ́n fi dí àyè tóóró náà ni pé kernel kò tún gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ìkọ̀wé lòun ń ṣe. Á máa rántí pé òun ti ṣe ẹ̀dà, á sì wo àmì pé wọ́n ti kọ nǹkan sí ojú-ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ̀dà ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Bindecy fi hàn pé lórí àwọn ojú-ìwé ńlá, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́gábáìtì méjì, àmì náà lè wà lára ojú-ìwé láìjẹ́ pé ẹ̀dà kankan wà. Ibi tí èyí lè ṣe kò tó ti àkọ́kọ́, kò lè dé orí fáìlì lásán lórí díìsìkì. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé ohun tó jẹ́ ẹ̀rí lórí ojú-ìwé kékeré kò jẹ́ ẹ̀rí lórí ńlá, àwọn tó ṣe àtúnṣe kò sì ṣíjú wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Àwọn tó ń tọ́jú kernel lè bi mí pé, ṣé mo mọ iye àléébù tó wà nílẹ̀? Ìlà kóòdù Linux ti pọ̀ ju mílíọ̀nù lọ́nà ọgbọ̀n lọ. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa tún gbogbo ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ṣe, wọn kò ní rí àyè tún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣe. Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì lè sọ pé kò mú mi ronú. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí èyí tí wọ́n rò. N kò ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo ní nígbà tí wọ́n bá fi àléébù kan sílẹ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ síbi kóòdù náà gan-an, ní ọ̀nà tí ẹni tó bá mú ìdí yẹn kúrò fi máa rí i. Ká ní ìlà kan wà nínú kóòdù mẹ́mọ́rì tó sọ pé a fi àyè yìí sílẹ̀ nítorí s390, ẹni tó yí s390 padà ní ọdún 2013 ì bá rí i bó ṣe ń wá orúkọ ẹ̀rọ náà káàkiri kóòdù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ohun kejì ni pé kí ètò kékeré kan tó ń dánwò máa gbìyànjú láti bọ́ sínú àyè tóóró yẹn lórí gbogbo kernel tuntun. Lọ́dún 2005, ìdánwò náà ì bá sáré títí láìrí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lórí ẹ̀rọ oní-core mẹ́jọ, àwọn tó ń tọ́jú kernel ni ì bá kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀rọ kò ní sùn, kò ní béèrè owó oṣù. Ohun tí a ná láti tún ayé ṣe lẹ́yìn oṣù kẹwàá ọdún 2016 ju èyí lọ dáadáa.

Ibì kan kù tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a kì í kọ kernel. Àtúnṣe tí Torvalds ṣe dé orí sẹ́fà láàárín ọjọ́ mélòó kan, kernel 4.8.3 àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Google fi í sínú àtúnṣe Android ti oṣù kejìlá, lẹ́yìn ìyẹn ó tún ku ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù, kó tó kan ẹni tó ni í. Fóònù tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti dáwọ́ dúró kò rí i gbà títí di òní. Ìdájọ́ kan náà ni èyí, wọ́n kàn fi owó dípò ìmọ̀ ni: wọ́n wo fóònù kan, wọ́n ní kò ní sí ẹni tó ń lò ó mọ́ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, fóònù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́rin lókè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun ni, áàpù báńkì sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí àwọn tó ń ta fóònù tuntun lọ́dọ̀ wọn máa pèsè àtúnṣe fún ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ títa irú fóònù náà dúró. Àwọn kan á ní bí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, bá béèrè irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, owó fóònù á gbẹ́nu sókè. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún fóònù tuntun tó rọjú jù, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n NCC ló ń fọwọ́ sí irú fóònù tó bá máa wọ ọjà wa, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti béèrè ọjọ́ tí àtúnṣe fóònù kan máa parí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì ní kí wọ́n tẹ ọjọ́ náà sára páálí. Ti tòkunbọ̀ tí kò ní páálí, kí wọ́n gbé ọjọ́ irú fóònù kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì kan tí ẹni tó ń nájà lè wò níwájú ìsọ̀. Bí ọjọ́ ọ̀hún bá ti kọjá, kó mọ̀ kó tó sanwó, kó sì fi dúnàádúrà.